Ẹ Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kí Ẹ Tó Pè É ní Àrùn Ìdílé

Bí ìyá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán ní Zion Pepe nílẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn àgbà sì rántí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá tó bí i lọ́mọ ṣe kó tó kú, ẹjọ́ ti parí nìyẹn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní ó wà nínú ẹbí wọn. Àwọn mìíràn á tún sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ayé ló ń ṣe ìdílé náà, tàbí kí wọ́n gbà pé àjẹ́ ni ìyá arúgbó fúnra rẹ̀, pé ìsọkúsọ tó ń sọ yẹn, ó ń jẹ́wọ́ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogójì ọdún á wá káwọ́ gbera, wọ́n á máa retí ọjọ́ tí yóò kàn wọ́n.

Èmi kò fara mọ́ ìkáwọ́gbera yẹn rárá. Òtítọ́ ni pé àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń rìn nínú ẹbí gan-an ló fi yẹ kí ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti ní in tètè gbára dì ju ẹlòmíràn lọ, ohun tó sì yẹ kó ṣe kò kọjá agbára ẹni tó ń pẹja tàbí ẹni tó ń yan ẹja ní etí òkun Ìlàjẹ.

Àìsàn tí mò ń wí ni Alzheimer, orúkọ dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1906. Nínú gbogbo àìsàn tó ń fa iyè rírà, òun ló wọ́pọ̀ jù. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amyloid á máa ṣù jọ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, òmíràn tó ń jẹ́ tau á máa lọ́ pọ̀ nínú wọn, títí ibi tí èèyàn fi ń rántí nǹkan yóò fi máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ìyá gbàgbé orúkọ ọmọ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ó lè ti wà nínú ọpọlọ fún ọdún mẹ́wàá, fún ogún ọdún pàápàá, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ tó ti pé ogójì ọdún ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Ìnira rẹ̀ níbi tiwa tún yàtọ̀. Ní ìlú orí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹni tó ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé lè ti géètì. Lọ́dọ̀ wa, afárá pákó ni ọ̀nà, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè dì mú. Ìyá kan wà ní ìhà ibí tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló máa bọ́ sínú ọkọ̀, á ní òun ń lọ ra edé lọ́jà kan tí òkun ti gbé lọ tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àjẹ̀ pa mọ́ sókè àjà. Ìyá fọwọ́ lásán wa ọkọ̀ lọ. Ìgbà tó yá, ṣéènì àti àgádágodo ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ òpó lálaalẹ́, ẹnì kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtirí ọ̀nà dènà àìsàn yìí kì í ṣe eré.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo ní pé kì í ṣe kádàrá lásán kò jìnnà, Ìbàdàn ló ti wá. Ní 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan papọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó ṣíwájú níbí, Hugh Hendrie ló ṣíwájú lọ́hùn-ún. Ọ̀ṣúntókun yìí kan náà ló ti ṣèwádìí ní àwọn ọdún 1960 nípa bí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa ṣe so mọ́ àìsàn iṣan tó ń da àwọn èèyàn láàmú ní agbègbè Èpè, nítorí náà kò ṣàjèjì sí i pé oúnjẹ òòjọ́ lè dé ibi tí ojú kò tó. Wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè lẹ́nu wò, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró.

Ní 2001 wọ́n gbé èsì jáde. Nínú 100 àgbàlagbà tí kò ní àìsàn náà tẹ́lẹ̀, ìdá 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ìdá 2.52 ni. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Bẹ́ẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn ará Indianapolis wọ̀nyẹn lẹ́rú lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí a jogún nìkan ló ń dá ẹjọ́ yìí, kí ló dé tí ẹjọ́ fi rí bẹ́ẹ̀? Ohun tó yàtọ̀ láàárín ìlú méjèèjì ni bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe sanra tó, bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí, iye ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ara àwọn ará Ìdíkàn le ju ti àwọn ará Indianapolis lọ. Mi ò sọ pé èyí nìkan ti parí àríyànjiyàn, nítorí ọ̀nà tí ìlú méjì fi lè yàtọ̀ síra pọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń sọ pé kádàrá ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí a ń jogún fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní jíìnì. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni APOE, irú rẹ̀ tó ń mú ewu wá ni e4, láti 1993 sì ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Duke ti so ó mọ́ Alzheimer. Èèyàn lè gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, kó gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Láàárín àwọn òyìnbó, ewu ẹni tó ní ẹyọ kan tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tí kò ní. Ti ẹni tó ní méjì lè ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ. e4 yìí kò ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá, kódà ó wọ́pọ̀ lára wa ju ara òyìnbó lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn wò, wọn kò rí i pé ó so mọ́ àìsàn náà rárá. Ìgbà tí wọ́n kó èsì ọ̀pọ̀ ọdún jọ, ní 2014, ni wọ́n tó rí i pé ewu ga fún àwọn tó ní méjì; ẹni tó ní ẹyọ kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Jíìnì kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò dọ́gba lára ọmọ aráyé. Ó dà bí ìgbì tó kọjú sí ọkọ̀: ó ń mú kí ìrìn nira, kò ní kí ọkọ̀ má gúnlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbésí ayé rere ń ran ẹni tó ti jogún ewu lọ́wọ́, ìdáhùn ti wà. Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí kan tọpa èèyàn 196,383 ní Britain, àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí jíìnì wọn ṣe burú tó, wọ́n sì wo nǹkan mẹ́rin: sìgá, eré ìdárayá, oúnjẹ àti ọtí. Láàárín àwọn tí jíìnì wọn burú jù, iye àwọn tí iyè wọn rà nínú àwọn tó ń gbé ìgbé ayé rere fi ìdá 32 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí ìgbé ayé wọn kò dára. Ará Yúróòpù ni wọ́n, kì í ṣe àwa. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí e4 ń bá jà gan-an, ìrètí wa kò yẹ kó kéré sí tiwọn. Ní Finland, Miia Kivipelto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kàn wo èèyàn lásán: wọ́n mú 1,260 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 77, wọ́n fún apá kan ní oúnjẹ tó dára, eré ìdárayá, iṣẹ́ tó ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́ àti àbójútó ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún méjì. Ọpọlọ àwọn wọ̀nyẹn já fáfá ju ti àwọn tó kàn gba ìmọ̀ràn lásán, àwọn tó ní e4 nínú wọn sì jẹ nínú àǹfààní náà. Ọdún 2015 ni èsì àkọ́kọ́ jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò dùn mọ́ mi náà. Oríṣi Alzheimer kan wà tó jẹ́ pé jíìnì kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ló ń fà á, tí ó sì ń mú èèyàn láti ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ní Antioquia ní Kòlóńbíà, Francisco Lopera fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ìdílé ńlá kan tí ó ń bá jà báyìí láti ìran dé ìran. Oúnjẹ àti eré ìdárayá kò lè lé irú yẹn lọ. Ṣùgbọ́n nínú 100 ẹni tó ní Alzheimer, irú rẹ̀ kò pé ẹyọ kan. Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní Zion Pepe, ó ṣòro kó jẹ́ irú rẹ̀.

Ẹ má sì retí oògùn. Lecanemab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 kì í wo àìsàn náà sàn, ó kàn ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ni. Nígbà tó jáde, 26,500 dọ́là ni owó rẹ̀ lọ́dún kan, àwọn tó ní e4 méjì ni ẹ̀jẹ̀ dídà àti wíwú ọpọlọ sì lè bá jù nínú àwọn tó ń lò ó. Ẹni tó bá ní owó àyẹ̀wò jíìnì lọ́wọ́, kó fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èsì àyẹ̀wò jíìnì kò ní yí ohun tó yẹ kó ṣe lọ́la padà.

Àwọn kan ti ń sọ pé bí iye ti Ìbàdàn bá kéré tó báyìí, a jẹ́ pé Yorùbá kò ní ìṣòro. Àṣìṣe ńlá ni. Àwọn àgbà Ìdíkàn tí wọ́n kà ní 1992, wọ́n ti bí wọn kí ọdún 1928 tó wọlé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ẹ̀fọ́ àti iṣu ni wọ́n fi dàgbà. Ó jọ pé ìgbé ayé wọn ló gbà wọ́n, a kò sì gbé irú rẹ̀ mọ́. Àwọn bàbá wa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ láti etí òkun dé Igbókòdá. Àwa ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Ọbẹ̀ ẹja tí iyọ̀ àti ata tó fún tẹ́lẹ̀, magí mẹ́ta mẹ́rin ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Omi aládùn inú ọ̀rá àti inú ìgò ti gba ipò omi lẹ́nu ọmọdé àti àgbà.

Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan 14 tí a bá mójú tó gbogbo wọn, ó ṣeé ṣe kí a dènà tàbí kí a fa nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àrùn iyè rírà sẹ́yìn káàkiri ayé. Mo ka àwọn nǹkan náà, mo sì ń rí etí omi wa nínú wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fi síwájú gbogbo wọn. Ní 2011, Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàárín àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni iyè wọn ń tètè rà ju àwọn yòókù lọ. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, kì í ṣe òyìnbó. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan lára èèyàn tó lé ní 9,000, tó jáde ní 2019, fi hàn pé àwọn tí wọ́n bá wọn mú nọ́ńbà òkè ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 120 kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbàgbé tó máa ń ṣáájú iyè rírà tó àwọn tí wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ 140. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru ń ba àwọn òpó tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Ọpọlọ tí ebi ẹ̀jẹ̀ ti ń pa kì í lè bá Alzheimer jà pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dunni. Èèyàn lè gbé e kiri fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Àwọn tó tilẹ̀ mọ̀, wọ́n á lo oògùn fún oṣù kan, wọ́n á ní ara àwọn ti yá, wọ́n á dá a dúró. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ti ibà tí èèyàn ń lò tán. Ìgbà tí ara bá yá, oògùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Iyọ̀ wà nídìí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ìyẹn bí ṣíbí ìmutíì kan, ti inú magí àti ti ẹja oníyọ̀ sì wà nínú ìyẹn. Àwa tí òkun ń wọ inú kànga àti odò wa ní láti ṣọ́ra jù. Ní etí òkun Bangladesh, àwọn olùṣèwádìí ti rí i pé omi mímu tó níyọ̀ so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà bí a bá ń bá ìjọba jà fún omi tó mọ́, kì í ṣe nítorí ìgbẹ́ gbuuru nìkan. Agolo tí wọ́n fi ń gbe omi òjò pa mọ́ nílé yín, ọpọlọ yín náà wà nínú rẹ̀.

Ìkejì ni èéfín, mo sì fẹ́ kí àwọn obìnrin wa gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àwọn ló ń jẹ ẹ́. Ẹ wọ ilé ìyanja kan ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́: ìdí igi tútù ń rú èéfín, ojú ìyá tó ń yí ẹja lórí àwọ̀n irin pọ́n, ó fi etí ìró dí imú, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ṣe é, yóò sì ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní lágbára mọ́. Èéfín yìí wà lára nǹkan 14 tí Lancet kà. Eérú rẹ̀ tó kéré jù ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n má yan ẹja mọ́, kí ni wọn yóò jẹ? Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn obìnrin Chorkor, abúlé apẹja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra ní Gánà, bá àwọn onímọ̀ ṣe ààrò kan tí wọ́n ń to àwọn àwo ẹja lé lórí ara wọn. Igi tó ń jẹ kéré, èéfín tó ń fẹ́ sójú ẹni tó dúró tì í kéré sí ti ààrò àtijọ́. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù àti pákó ni wọ́n fi ń ṣe é. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwọn olóṣèlú wa máa gbé wá bí wọ́n bá ń wá ìbò, dípò ike ìpọnmi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Etí tó di náà wà lára nǹkan 14 yẹn. Ẹni tó ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, etí rẹ̀ á di. Ẹni tí etí rẹ̀ bá di kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, ọpọlọ rẹ̀ á sì máa ṣá. Kí awakọ̀ fi nǹkan dí etí rẹ̀ nígbà tó bá ń wakọ̀. Ojú tí kò ríran mọ́ wà lára nǹkan 14 náà: iṣẹ́ abẹ ojú àti awò kì í ṣe fún ìwé kíkà nìkan. Ògógóró ọ̀sán àti òru, sìgá, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn ìjọ aládùúrà wa ti ń wàásù lórí ìyẹn tipẹ́, mo sì wà lẹ́yìn wọn.

Ibi tí a ti rí ṣe ni ẹgbẹ́ àti ìbátan. Nínú ìwádìí nípa ọjọ́ ogbó tí Oyè Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tó ń sọ Yorùbá, tí Oǹdó wà lára wọn, àwọn àgbà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá àwùjọ da nǹkan pọ̀ ni iyè wọn ń rà jù. Ìyá tó ń lọ sí ìsọ́ òru, tó ń jó, tó ń há orin sórí, tó ń dá ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ, kò jókòó lásán. Kí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó má wá kó ìyá wá sínú yàrá kan ní Àjẹgúnlẹ̀, kí wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n ṣe ẹgbẹ́ fún un, kí wọ́n sì pe ìyẹn ní ìtọ́jú.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: bàbá lágbájá kò mu sìgá, kò mutí, ó fi àjẹ̀ wakọ̀ títí ó fi di arúgbó, síbẹ̀ ó ṣarán. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ewu ni a ń dín kù. Kò sẹ́ni tó lè búra fún yín. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí dá aláìsàn lẹ́bi, bí wọ́n ṣe ń fi ti àjẹ́ dá wọn lẹ́bi. Ìyá tó ń wá ọjà tí òkun ti gbé lọ, ọwọ́ tí yóò dì í mú lórí afárá ló nílò.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú àti àwọn alàgbà ìjọ ní Zion Pepe kò pọ̀. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ ríru méjì, irú èyí tó ń lo bátìrì, nítorí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná. Kí wọ́n fi ọmọbìnrin kan tó kàwé sídìí rẹ̀, kí wọ́n máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, kí gbogbo ẹni tó ti pé ogójì ọdún tò, kí ó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kí àwọn tí ìyá tàbí bàbá wọn ti ṣarán ṣáájú nínú ìlà. Ẹni tí tirẹ̀ bá lé ní 140 sí 90 lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí owó ìjọ san owó ọkọ̀ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní Igbókòdá, kí ọmọbìnrin yẹn sì máa bi í ní gbogbo ọ̀sẹ̀ bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀.